Mànàmáná Tí Kì Í Ṣìnà

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn fíìmù akọni tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́. Ẹ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní Jos níbí, ní Kabong, ní Gada Biyu, tàbí lọ́nà Rukuba Road. Ì báà jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti ń wo fíìmù, ì báà jẹ́ yàrá ọ̀rẹ́ tó ní jẹnẹrétọ̀, ohun kan náà ni wọn yóò sọ fún yín. Wọ́n ní akọni tí aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí ti sú àwọn. Wọ́n ní Superman tó ń mú ọ̀daràn láàyè fún ìjọba, ìtàn ọmọdé ni. Akọni tí ayé ti fìyà jẹ, tí inú ń bí, tó ń pani, tí kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n ní ó jọ ayé tí a wà yìí. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù náà kò sọ ohun tó yàtọ̀, èdè wọn ló kàn le díẹ̀: wọ́n ní irú akọni bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n ní ènìyàn gidi ni.

Èmi ò gbà. Nínú gbogbo ẹni tí fíìmù ń gbé síwájú wa, kò sí èyí tó jìnnà sí ènìyàn gidi tó akọni ọlọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ yìí. Pípa tó ń pani kọ́ ni mò ń wí. Ohun tí mò ń wí ni pé kì í ṣi ẹni pa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ẹni tó bá nawọ́ sí ló ti jẹ̀bi kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ta lẹ rí láyé tó rí bẹ́ẹ̀? Ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ń ṣi ẹni mú. Adájọ́ tó fi ọdún mẹ́ta gbọ́ ẹjọ́ kan ń ṣi ẹni dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí inú ń bí, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, kò ṣì í rí. Èyí lẹ wá ń pè ní òtítọ́ ayé.

Ẹ jẹ́ ká mú Black Adam, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, tí Jaume Collet-Serra darí, tí Dwayne Johnson sì ṣe akọni inú rẹ̀. Mo mú un nítorí pé òun gan-an ni wọ́n polówó fún wa gẹ́gẹ́ bí akọni tí kì í ṣe ẹni rere, àti nítorí pé ó dùn. Ìlú kan tí ń jẹ́ Kahndaq ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọba burúkú kan sọ àwọn ará ìlú di ẹrú, ó ní kí wọ́n máa wa kùsà láti wá òkúta olówó iyebíye kan tí wọ́n ń pè ní Eternium. Ọmọdékùnrin kan, Hurut, dìde sí i, àwọn oṣó sì fún un ní agbára. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ, ọmọ náà gbé agbára yìí fún bàbá kí ó lè yè. Àwọn apànìyàn ọba sì pa ọmọ nígbà tí kò ní agbára mọ́. Bàbá yìí ni Teth-Adam. Ó fi ìbínú wó ààfin ọba palẹ̀, àwọn oṣó bá tì í mọ́lé fún nǹkan bí 5,000 ọdún. Ìgbà tó jí, àwọn àjèjì tí wọ́n ń gbé ìbọn fún owó, tí wọ́n ń pè ní Intergang, ló gba Kahndaq. Kùsà náà ni wọ́n ṣì ń wa.

Ẹni tó bá gbé Jos kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tó dùn nínú ìtàn yìí fún un. Kùsà ló sọ Jos di ìlú ńlá. Tánńganran ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wá wa níbí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn tí Japan gba Malaya ní 1942 tí tánńganran ibẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, túláàsì ni wọ́n fi kó nǹkan bí 100,000 ọkùnrin láti ìgbèríko Àríwá wá síbi kùsà Plateau. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé. Ihò tí wọ́n gbẹ́ kí kùsà náà tó parí ló di adágún omi tí a ń rí káàkiri ní Rayfield, ní Bukuru àti ní Barkin Ladi títí dòní. Ọmọ Jos tó bá rí ará Kahndaq tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún àjèjì, tó wá rí ẹnì kan tó dìde láti inú ilẹ̀ náà tó ń lé wọn, bí ẹnu rẹ̀ kò bá pariwo, inú rẹ̀ á pariwo.

Ibòmíràn tún wà tó dùn ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ àwọn akọni aláṣọ mímọ́, Justice Society, bà sílẹ̀ ní Kahndaq láti òkè òkun, wọ́n ní àwọn wá mú Adam kí àlàáfíà lè wà. Adrianna, obìnrin ọmọ ìlú náà, bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà ní gbogbo ọdún 27 tí Intergang fi ń gun ìlú òun mọ́lẹ̀. Wọn ò rí èsì gidi kan fọ̀. Ní Plateau níbí, lẹ́yìn ìkọlù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará abúlé ni pé àwọn pe agbófinró, agbófinró ò sì tètè dé. A gbọ́ ọ lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ní 2023 ní Bokkos àti Barkin Ladi. Ìbéèrè Adrianna, ìbéèrè wọn ni. Nítorí náà, mi ò fojú di ẹni tó fẹ́ràn fíìmù yìí. Ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà tó ń wá olùgbàlà kò ya wèrè. Àbùkù fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìgbàlà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìgbà tí Adam kọ́kọ́ jí nínú ihò àpáta. Àwọn jagunjagun Intergang yí i ká, wọ́n yìnbọn lù ú, ìbọn ò ràn án. Ó di ọ̀kan mú lọ́rùn, mànàmáná wọnú ẹni náà, ó ku egungun. Ó jáde síta, àwọn tó kù gbé bàálù àti ọkọ̀ ogun wá. Orin Rolling Stones gbalẹ̀, àwòrán ń lọ jẹ́jẹ́, ọkùnrin náà sì ń fò káàkiri, ó ń ju ènìyàn nù bí ẹni ju èèpo ọsàn. Àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí wọn ò ṣe ní rẹ́rìn-ín? Kò sí ẹni tó ní orúkọ nínú àwọn tó ń kú yìí. Kò sí èyí tó níyàwó, kò sí èyí tí ebi ló sọ di agbébọn, kò sí alásè tàbí awakọ̀ tó kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kí Adam tó nawọ́, ẹni tó kọ ìtàn náà ti dá ẹjọ́ tán. Àgbà tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni Yorùbá ń pè é. Nínú fíìmù, irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń san owó láti lọ wò.

Àwọn tó ṣe fíìmù náà fúnra wọn sọ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ó le jù fún ọmọdé. Wọ́n bá gé e, wọ́n tún un gé, títí wọ́n fi gbà pé ọmọ ọdún 13 lè wò ó. Èyí tó jáde kò lẹ́jẹ̀ púpọ̀. Òkú ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn tó rò pé òfin ló máa wo àìsàn yìí sàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, NFVCB, kéde ìlànà tuntun tó ta ko fíìmù tó bá ń ṣe ògùn owó, ìpànìyàn fún ètùtù àti sìgá lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó lè mú irọ́ tí mò ń sọ yìí, nítorí irọ́ náà kò sí nínú ohun tí wọ́n fi hàn. Inú ohun tí wọn ò fi hàn ló wà. Ikú tí kò ní ẹ̀jẹ̀, tí kò ní orúkọ, tí kò ní ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ó léwu fún ọmọ ọdún 13 ju ikú tó bà á lẹ́rù lọ.

Ẹni tó wo fíìmù náà dáadáa yóò sọ pé mo ń rẹ́ ẹ jẹ. Yóò ní ṣé mi ò rí ibi tí Adam ti ṣìṣe ni? Mo rí i. Ishmael, olórí àwọn ọ̀tá, gbé ìbọn lé Amon, ọmọ Adrianna. Adam bínú, ó tú agbára sílẹ̀, Ishmael kú, agbára náà sì kọlu ọmọ tó fẹ́ gbà là. Ìpayà mú ọkùnrin náà. Ó fò lọ, ó sọ òtítọ́ nípa ikú ọmọ tirẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n tì í mọ́lé. Fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, fíìmù náà di fíìmù gidi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe yára ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí. Ọmọ náà gbádùn. Ishmael ní tirẹ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ wá ikú náà kí ó lè padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mí èṣù Sabbac. Kò sí ẹni tó lè ṣẹ́gun Sabbac àfi Adam. Wọ́n bá tú u sílẹ̀ kí ó wá ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tì í mọ́lé. Ó ya Sabbac sí méjì, ìlú hó yè. Ẹ ò rí i? Àṣìṣe kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ṣe, fíìmù fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe àṣìṣe.

Àwa Yorùbá ti mọ akọni tí mànàmáná ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tipẹ́tipẹ́ kí Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù. Ẹ gbọ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ṣàngó, Aláàfin, ní oògùn tó lè pe àrá. Ó gun òkè lọ dán an wò. Ìjì dìde, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, àrá ti sán lu ààfin, iná ti sọ, púpọ̀ nínú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ilé ọ̀tá kọ́ ni mànàmáná Ṣàngó kọ́kọ́ jó. Àwọn oníṣàngó ní ọba kò so, mi ò sì ní bá wọn jà lórí bí ìtàn náà ṣe parí. Ohun tó kàn mí ni pé àwọn baba wa kò bá a ṣètò ibi tí àrá náà máa lọ. Ògún náà ńkọ́? Ó dé Ìrè, ó bá àwọn ènìyàn tí kò kí i, ó bá agbè ẹmu tó ṣófo, ó fa idà yọ. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ ló pa. Nígbà tí ojú rẹ̀ walẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ. Ta ló sọ pé Ṣàngó àti Ògún kì í ṣe akọni? À ń bọ wọ́n títí dòní, à ń ki wọ́n, a sì mọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣi ọwọ́ nà. Ẹni tó ń sọ fún wa pé akọni ọlọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun tuntun, kò gbọ́ ìtàn ilé. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ kò ju pé wọ́n ti yọ ìṣirò kúrò lọ.

Kí ló wá kàn mí nínú fíìmù àjèjì débi tí mo fi ń bínú báyìí? Ìlú tí mò ń gbé ni. Ní Jos, kò sí ẹni tí kò ní ọgbẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n kọlu àwọn Mùsùlùmí ní Kuru Karama. Human Rights Watch ní àwọn tó kú ju 150 lọ, wọ́n sì bá òkú nínú kànga. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún kan náà, wọ́n kọlu àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní Dogo Nahawa lóru. Àjọ kan náà ní àwọn tó kú tó 200. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìhà méjèèjì nípa ohun tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ ṣe, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wọn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àfòróyaró kì í jẹ́ kí oró tán nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì márùn-ún ń gba Rukuba Road kọjá. Àwọn Mùsùlùmí tó lọ ṣe àdúrà síkírì ọdọọdún ní Bauchi ló wà nínú wọn. Ìkàrẹ́ ní ìpínlẹ̀ Òndó ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dá wọn dúró lọ́nà, wọ́n sì pa wọ́n. Ọlọ́pàá ní ènìyàn 22 ló kú. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Jos North. Àlàyé tó gba ẹnu ènìyàn lẹ́yìn náà ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Bassa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, níbi tí wọ́n ti kọlu àwọn abúlé, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n jó ilé, tí wọ́n sì ba oko jẹ́. Òótọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bassa. Ọgbẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ni arìnrìnàjò tó ń lọ sí Ìkàrẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀? Ẹni tó ń sunkún ṣì ń ríran. Ìbínú tó tọ́, tó ní ìdí, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lẹ́bi ní ìbẹ̀rẹ̀, jáde sí títì láti wá ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó kọjá ló rí. Ìyẹn ni ènìyàn gidi. Akọni ọlọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn wá kò pàdé arìnrìnàjò lọ́nà rí.

Wọn yóò ní fíìmù lásán ni, kò sẹ́ni tó wo Black Adam tó lọ dènà. Mo gbà. Mi ò sọ pé fíìmù ló ń pani. Àwọn tó ń pani ní Plateau kò nílò kí Dwayne Johnson kọ́ wọn. Mo sọ pé fíìmù ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ fún wa tí a ti ń gbọ́ jù nílé: pé bí ìyà tó jẹ ọ́ bá ti pọ̀ tó, ọwọ́ rẹ á mọ ọ̀tá rẹ fúnra rẹ̀. Wọn yóò tún ní ṣé Superman ni mo fẹ́ kó padà wá? Rárá. Akọni aláṣọ mímọ́ ń purọ́ nípa ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn, nítorí kì í bínú. Ti ọlọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ bínú, ó dáa. Irọ́ tirẹ̀ wà nípa ibi tí ìbínú máa ń já sí.

Kì í kúkú ṣe pé kò ṣeé ṣe láti fi ẹni tí akọni ṣẹ̀ hàn. Fíìmù Joker ti ọdún 2019 pa owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, nítorí pé ó jẹ́ kí a wà pẹ̀lú Arthur Fleck, ẹni tó di Joker, láti inú ìyà rẹ̀ títí dé orí ọkọ̀ tí àwọn èrò ti ń hó fún un. Nígbà tí apá kejì rẹ̀ dé ní 2024, wọ́n gbé Arthur lọ sí kóòtù, wọ́n sì pe Gary, ọkùnrin kúkurú tí ó ṣojú rẹ̀ nígbà tí Arthur pa ẹlẹgbẹ́ wọn. Gary dúró níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sọ ohun tí ohun tó rí ọjọ́ náà ti sọ ọ́ dà. Nínú fíìmù méjèèjì, kò sí ibi tó tóbi tó ibẹ̀ lójú mi. Àwọn olólùfẹ́ Joker sá fún fíìmù náà, kò sì rí owó pa. Wọ́n ní orin ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwíjàre wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Orin náà súni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹlẹ́rìí náà wà nínú ohun tí wọ́n sá fún.

Nílé níbí, Kúnlé Afọláyan ṣe Àníkúlápó ní 2022. Sàró, ahunṣọ tó dé Ọ̀yọ́, ní agbára tó ju ti Adam lọ: ó ń jí òkú. Ó tún jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, agbéraga àti ọ̀kánjúwà. A fẹ́ràn rẹ̀, a sì rí Arọ́lákẹ́, obìnrin tó gbà á là tí Sàró sì já kulẹ̀, ní gbangba. Ó ní orúkọ, ó ní omijé, ó ní ilé tó ti ń jìyà. Òun gan-an ló sì jẹ́ kí agbára náà já Sàró kulẹ̀ níwájú ọba nígbà tó nílò rẹ̀ jù. Fíìmù náà ní àléébù tirẹ̀, ó gùn, ó sì fà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí akọni ṣẹ̀ kò sọnù nínú rẹ̀.

Jos ni olú iléeṣẹ́ Nigerian Film Corporation wà, Jos náà ni National Film Institute, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ni mò ń bá wí. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ kọ ìtàn ẹni mímọ́. Ẹ kọ akọni yín kí ó bínú, kí ẹ fún un ní ọgbẹ́ tí gbogbo wa yóò gbà pé ó dun ni, kí ẹ fún un ní mànàmáná bí ẹ bá rówó ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí ìdajì fíìmù tó lọ, ẹ jẹ́ kí ó ṣi ẹnì kan pa: awakọ̀ kan, ìyá kan tó ń ti ọjà bọ̀, ẹnikẹ́ni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ má sọ ẹni tó kú náà di ẹ̀mí èṣù ní òpin fíìmù. Ẹ má jẹ́ kí ó gbádùn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Bí akọni bá ń sáré lọ sí ìjà tó kàn, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ nílé ẹni tó kú, kí a rí ẹni tó wá ṣílẹ̀kùn nígbà tí wọ́n gbé òkú dé. Tí àwọn ọ̀dọ́ Kabong bá ṣì pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́yìn ìyẹn, mo ti pàdánù àríyànjiyàn yìí. Mi ò rò pé wọn yóò pàtẹ́wọ́.